Ìgbà Tí Wọ́n Wá Kọ́tàbáàkì Dé Ilé Onílé Wa

Ilé tí a ń gbé ní South Shore, àdúgbò kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kò jìnnà sí adágún. Téèyàn bá dúró lójú fèrèsé wa lókè, á máa rí omi náà láàárín ilé méjì, á sì máa rí bó ṣe ń pa àwọ̀ dà: ó lè dúdú láàárọ̀, kó funfun lọ́sàn-án, kó tún wá rí bí ojú òkú ẹja nírọ̀lẹ́. Lápá gúúsù, a máa ń rí àwọn ṣímínì ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ irin. Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi kó débẹ̀, èéfín ṣì ń jáde lẹ́nu wọn, ojú ọ̀run apá ibẹ̀ a sì máa pọ́n rẹ̀rẹ̀ tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, èyí dákẹ́, tọ̀hún náà dákẹ́. Ó di pé tí mo bá jí, kí n tó ṣe àlùwàlá, mo ti máa ń yọjú wo apá ibẹ̀, bí ẹni ń wo àyà aláìsàn bóyá ó ṣì ń mí.

Inú ilé-iṣẹ́ yẹn ni Bàbá onílé wa ti lo ìgbà ayé rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, aláwọ̀ dúdú, èèyàn gíga tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ìsàlẹ̀ ilé ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, àwa wà lókè. Ó ti jẹ́ aṣáájú nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní yúníọ̀nù, àwọn tó ń kí i lójú títì sì máa ń kí i bí ẹni ń kí ìjòyè. Nígbà tí wọ́n dá òun náà dúró níṣẹ́, kò jáwọ́ nínú títètè jí. Á wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, á so okùn rẹ̀ le, á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá iwájú, á máa wo òpópónà. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, a máa kọjá lára fèrèsé yẹn tó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Dádì, ọkùnrin yẹn ń retí nǹkan kan. Mi ò sì rò pé nǹkan dáadáa ni."

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ó ti pé ọkùnrin nígbà tí a mọ̀ ọ́n, yàrá ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ló ń gbé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Bródà" ló ń pè mí, gẹ́gẹ́ bí àwọn dúdú ibẹ̀ ṣe máa ń pe ara wọn. Bó bá ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, "sà" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fágbà, ṣùgbọ́n "ẹ" wà nínú ohùn ọmọ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ló gbá ní yunifásítì, bọ́ọ̀lù tiwọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé, tó rí ṣóńṣó lórí àti nídìí bí ìbẹ́pẹ kékeré. Nínú bọ́ọ̀lù yẹn, ẹnì kan wà tí wọ́n ń pè ní kọ́tàbáàkì. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́. Òun ló máa wo pápá yíká, á pinnu ẹni tó máa jù ú sí, kí àwọn géńdé tó ń sáré bọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti dá a lulẹ̀. Tí kọ́tàbáàkì ẹgbẹ́ kan ò bá dáa, kò sí ohun tí àwọn yòókù lè ṣe. Ohun tí ọmọ onílé wa jẹ́ ní yunifásítì nìyẹn, wọ́n sì ní ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ń pín àwọn ọmọ yunifásítì láàárín ara wọn. Ìyá onílé ti dín adìyẹ, àwọn ará ilé iṣẹ́ irin kún pálọ̀, gbogbo ojú sì wà lára tẹlifóònù. Ó pẹ́ kó tó dún. Ọmọ náà gbé e, ó fetí sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló ń sọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Rárá, sà. Kọ́tàbáàkì ni mí." Ó tún fetí sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi yá, sà. Kọ́tàbáàkì ni mí." Ó gbé e sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni pé kó wá máa sáré lé àwọn tó bá gbé bọ́ọ̀lù. Nígbà yẹn, wọn kì í fẹ́ fi dúdú sípò kọ́tàbáàkì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní Ọlọ́run fún wa, wọn kì í sọ̀rọ̀ orí. Wọ́n ní àwọn máa padà pè é. A jókòó títí adìyẹ fi tutù. Kò sẹ́ni tó pè.

Bó ṣe di òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Joliet nìyẹn. Ní ìdájí, a máa ń gbọ́ bí mọ́tò rẹ̀ ṣe ń wúkọ́ kó tó gbéra.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹgbẹ́ ìlú wa di ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nípò kọ́tàbáàkì kì í pẹ́ fara pa. Gbogbo ọjọ́ Sunday, àwọn àgbààgbà máa ń pé sí pálọ̀ Bàbá láti wo bọ́ọ̀lù, mo sì máa ń bá wọn jókòó. Àríyànjiyàn kan náà ni wọ́n ń ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n wá kọ́tàbáàkì tó kàn? Ẹnì kan á ní kí wọ́n lọ rà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n mú ọmọ tí apá rẹ̀ bá le jù ní gbogbo yunifásítì. Bàbá á ní kí wọ́n mú ẹni tí àwọn èèyàn lè tẹ̀ lé wọ inú iná. Wọ́n ní kí èmi náà sọ tèmi. Mo ní nílùú tiwa, bí àyè ọba bá ṣófo, àwọn afọbajẹ máa ń béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́ kí wọ́n tó béèrè ohun tó lè ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ kì í bá wa jókòó lọ́jọ́ Sunday. Orí àtẹ̀gùn onígi tó wà lẹ́yìn ilé ló máa ń wà. Mo bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo bi í pé tó bá jẹ́ òun, báwo ló ṣe máa wá a. Ó ronú.

"Apá kọ́ ni màá wò, bródà. Màá jẹ́ kí wọ́n dá a lulẹ̀ dáadáa. Tó bá dìde, màá wo ẹni tó kọ́kọ́ wò. Àwọn kan máa ń wo kóòṣì. Àwọn kan máa ń wo ẹni tó lù wọ́n. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo àwọn tiẹ̀, bóyá gbogbo wọ́n ti dìde, òun ni màá mú."

"Ìwọ ńkọ́? Ta lo máa ń wò?"

"Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dá mi lulẹ̀," ló sọ, ó sì wọlé.

Ìgbà ìwọ́wé ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà lẹ́nu iṣẹ́, káàkiri gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ní bọ́ọ̀lù ò ní dúró, pé àwọn máa wá àwọn mìíràn rọ́pò wọn: àwọn tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn awakọ̀, àwọn tíṣà, ẹnikẹ́ni tó bá ti gbá a rí. Nígbà tí mo gbọ́ ọ nínú rédíò, mo yí ohùn rẹ̀ sókè. Mi ò tíì mọ ìdí rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo wà nísàlẹ̀, mò ń bá Bàbá tún wáyà tẹlifísàn ṣe. Tẹlifóònù dún. Ọmọ náà gbé e. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí. Ó fetí sílẹ̀ títí. Ó tún ní, "Kí lẹ pè é, sà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Mo rí i tó fi ọwọ́ kejì di etí tábìlì mú. "Kọ́tàbáàkì. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo gbọ́."

Nígbà tó gbé e sílẹ̀, Bàbá ò bojú wẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ ṣì wà lára wáyà.

"Àwọn wo nìyẹn?"

"Ẹgbẹ́ ìlú wa ni, sà. Wọ́n ní kí n wá lọ́la."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Pè wọ́n padà, kó o sọ fún wọn pé o ò wá."

Ọmọ náà dúró síbẹ̀. "Sà, ẹ wà níbí lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n wá máa sáré lé èèyàn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún wọn. Orúkọ ipò yẹn ni wọ́n fẹnu ara wọn pè báyìí. Kì í ṣe èmi ni mo ní kí àwọn yẹn daṣẹ́ sílẹ̀."

Bàbá wá yíjú sí i. Kò pariwo, ìyẹn ló jẹ́ kó burú. "Mo ní àbúrò kan ní Park Forest," ló wí. "Ìwọ ò mọ̀ ọ́n, torí mi ò jẹ́ kó o mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a daṣẹ́ sílẹ̀, tí èmi àti àwọn tèmi dúró sẹ́nu géètì nínú òtútù, ó wọlé kọjá lójú mi lọ síbi iṣẹ́. Ìyá kan náà ló bí wa. Láti ọjọ́ náà, mi ò ní i ní àbúrò mọ́. Mi ò sọ̀rọ̀ tán o. Tí o bá wọ ibẹ̀, o mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo ti ṣe é rí."

Mi ò mọ ibi tí mo lè fi ojú mi sí. Mo gbé wáyà sílẹ̀, mo gòkè lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò ọmọ náà wúkọ́ bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà Joliet kọ́ ló gbà.

Ìyá onílé gòkè wá bá wa nílé ìdáná. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í béèrè nǹkan. Ó jókòó lórí àga, ó ní, "Àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí ò ní gbọ́ tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ibòmíràn wá, bóyá wọ́n á gbọ́ tiyín." Ìyàwó mi wò mí. Ojú rẹ̀ ń sọ pé kí n má dá sí i. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá Bàbá. Mo ní kó jẹ́ kí a pe ọmọ náà jókòó, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán. Bàbá fetí sílẹ̀ dé ìparí. Ó wá ní, "O ṣeun. O jẹ́ èèyàn dáadáa. Má tún bá mi sọ ọ́ mọ́."

Hòtẹ́ẹ̀lì ni ẹgbẹ́ kó àwọn tí wọ́n gbà sí. Ọmọ náà kò sùn nílé mọ́, ṣùgbọ́n ilé ni wàhálà náà wá. Kò pẹ́ tí orúkọ rẹ̀ dé inú ìwé ìròyìn ni tẹlifóònù ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tí ẹni tó pè kò ní sọ̀rọ̀. Ìyá onílé á ní "háló, háló," a óò sì máa gbọ́ ọ lókè, ohùn rẹ̀ á máa rẹlẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n ju ẹyin lu ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan da ìṣó sẹ́yìn táyà mọ́tò mi, mo sì gbàgbọ́ pé mọ́tò ọmọ náà ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Mọ́tò pupa kan wá ń dúró lódìkejì òpópónà, ọkùnrin méjì nínú rẹ̀, wọn kì í sọ̀kalẹ̀, wọn kì í ṣe nǹkan kan. Ní tèṣọ̀ rélùwéè, níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀, ọkùnrin kan tí mi ò rí rí sún mọ́ mi, ó ní, "Ṣé inú ilé yín ni ọ̀dàlẹ̀ yẹn ń gbé?" Mo ní mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "O gbọ́."

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó kó ẹrù àwọn ọmọ wa sínú báàgì kan, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sọ ibi tí a ń lọ. Ó kàn fẹ́ kó wà níbẹ̀ ni.

Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni Bàbá. Gbogbo àwọn tó ń pè, gbogbo àwọn tó ń ju ẹyin, èrò tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ń rò. Síbẹ̀, òun ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi jáde láti fọ ẹyin kúrò lára ilẹ̀kùn, kò sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó fọ̀ ọ́ kanlẹ̀, ó tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo mọ́tò pupa náà títí ó fi lọ.

Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ nílùú mìíràn, ọmọ náà kò wọlé, orí bẹ́ǹṣì ló wà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìlú wa ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday yẹn, Ìyá onílé tún gòkè wá. Fìlà tó fẹ́ dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì dé e. Ó ní, "Ó ti wọ jákẹ́ẹ̀tì yúníọ̀nù. Ó ní òun ń lọ sí pápá lọ dúró pẹ̀lú àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ má jẹ́ kó dá lọ."

Ìyàwó mi gbá mi lọ́wọ́ mú. "Dádì, ẹ máa rántí pé ẹ ní ọmọ o."

Rélùwéè tó gba etí adágún ni a wọ̀. Ojú ọjọ́ ṣú, ìjì ń gbá omi lu àwọn òkúta. Lẹ́nu ọ̀nà pápá, èrò pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ: àwọn agbábọ́ọ̀lù tó daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn awakọ̀ tírélà, àwọn òṣìṣẹ́ irin tí wọn ò níṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti rí Bàbá, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Àwọn kan mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n gbà rọ́pò. Wọ́n fún un láyè níwájú, bí wọ́n ṣe máa ń fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Bọ́ọ̀sì àwọn agbábọ́ọ̀lù yọ. Wọn ò lè sáré, èrò ti dí ọ̀nà. Ariwo sọ. Wọ́n ń lu ara bọ́ọ̀sì náà bí ẹni ń lu pósí. Mo rí ọmọ náà lójú fèrèsé, ó jókòó gbọnrangandan, ó ń wo iwájú. Mi ò mọ ohun tó mú un yíjú. Ó rí bàbá rẹ̀.

Bàbá kò pariwo, kò na ọwọ́. Ó kàn dúró sójú kan nínú jákẹ́ẹ̀tì yẹn, ó ń wò ó. Ọmọ náà sì ń wò ó, títí bọ́ọ̀sì fi ń rọra kọjá. Ẹnu ọmọ náà mì. Bóyá "sà" ló sọ, mi ò lè búra.

Ẹ̀yìn wa ni òkúta náà ti wá. Ó fò kọjá lórí wa, ó fọ́ gíláàsì bọ́ọ̀sì náà, níbi tó sún mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó ọmọ náà. Àwọn kan hó yèè. Bàbá yíra padà wìì. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó ń wá ẹni tó jù ú láàárín èrò, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ta ni?" ló ń wí. "Ta ni nínú yín?" Àwọn tó ń gbá a lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Mo di apá rẹ̀ mú.

Mo ní, "Sà, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Ó tẹ̀ lé mi.

A dúró ní tèṣọ̀, à ń retí rélùwéè. Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, ó gbé rédíò kékeré létí, bọ́ọ̀lù náà ló ń gbọ́. Mo fẹ́ kí a rìn jìnnà sí i, Bàbá kò mira. Wọ́n ní kọ́tàbáàkì àkọ́kọ́ ti fara pa. Wọ́n dárúkọ ọmọ náà. Bọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ jù bọ́ sílẹ̀. Èkejì, wọ́n dá a lulẹ̀ kó tó ju nǹkan kan. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò dákẹ́, ó dákẹ́ pẹ́, mo sì ń gbọ́ bí Bàbá ṣe ń mí. Ẹni inú rédíò wá ní, "Ó ti dìde."

Rélùwéè wa dé, ó ṣílẹ̀kùn. Bàbá ò wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ náà lọ.

Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e ni ọmọ náà jù láti ẹ̀yìn jíjìn, ó ga, ó pẹ́ lófuurufú. Ẹni tó gbà á sáré gbé e dé òpin pápá, ibi tí wọ́n ti ń gba àmì, ẹni inú rédíò ń kígbe. Ó ní, "Ibo ni wọ́n ti rí eléyìí? Ẹnì kankan ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i!"

"Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i," ni Bàbá wí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Rélùwéè mìíràn dé, a ò wọ̀ ọ́. Ìkẹta la wọ̀, nígbà tí bọ́ọ̀lù ò tíì parí. Nínú ọkọ̀, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà, ó ká a mọ́ itan, ó sì gbé ojú sára adágún títí a fi délé.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti rọ̀. Mi ò mọ Bàbá tó bí mo ṣe rò.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá ọmọ náà lulẹ̀ débi tí èjìká rẹ̀ yẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ parí, àwọn agbábọ́ọ̀lù tòótọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n bọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́, wọ́n ní ó dàbọ̀. Ní Joliet, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kọ̀yìn sí i, ọ̀gá ibẹ̀ sì ní kó má wulẹ̀ wá mọ́ kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán Saturday kan ló dé ilé, apá rẹ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́rùn. Mò ń gbá ewé níwájú ilé. Ó kí mi, ó gòkè lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ kò yí. Ó tún un kì bọ̀ ọ́. Kò yí. Bàbá ti pààrọ̀ àgádágodo.

Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Gíláàsì nìkan ló wà láàárín wọn. Ọmọ náà lè fọwọ́ kàn án tó bá na ọwọ́. Kò kanlẹ̀kùn, kò pe bàbá rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sọ̀kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé sáré jáde pẹ̀lú báàgì aṣọ, ó ń sunkún, ó ń fi aṣọ nu ojú. Mo bi ọmọ náà níbi tó ń lọ.

"Park Forest," ló wí. "Ó kù ẹnì kan tó máa ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ìgbà òtútù yẹn gùn. Tẹlifóònù kò dún mọ́, mọ́tò pupa kò wá mọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò tú báàgì ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àwọn àgbààgbà ọjọ́ Sunday ò wá wo bọ́ọ̀lù mọ́. Bàbá máa ń pa tẹlifísàn ni tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀. A ò gbọ́ ohùn nísàlẹ̀ wa, àfi ìró àwo.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, Bàbá ní kí n fi mọ́tò gbé òun lọ ra ọ̀dà. Mo gbéra. Ó ní, "Yà síbí." Ó ní, "Máa lọ tààrà." Nígbà tí a kọjá gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà, mo mọ ibi tí à ń lọ, mi ò sì bi í. Ní Park Forest, àwọn ilé jọra, kéékèèké, koríko iwájú wọn gẹ́ dọ́gba. Ó mọ ilé náà. Mi ò mọ ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n dúró, kò sọ̀kalẹ̀.

Ọmọ náà ló kọ́kọ́ rí wa. Ó jáde wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Bàbá yí gíláàsì sílẹ̀.

"Èjìká ẹ ńkọ́?"

"Ó ń sàn, sà. Ó máa ń dùn mí tí òjò bá fẹ́ rọ̀."

"Ṣé o ń fi omi gbóná sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan yọ sẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Mo wò ó, mo tún wo Bàbá. Èjìká kan náà ni, orí kan náà. Kò sún mọ́ wa, kò kí wa. Ó dúró síbẹ̀ tòun ti aṣọ ìnura lọ́wọ́, bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá rí i. Ó yí gíláàsì padà sókè.

"Ṣíná," ló wí fún mi.

A tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìyẹn, bákan náà ló rí. Kò wọlé. Nígbà ẹ̀rùn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan àti ohùn rẹ̀. Ọsibítù tí ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e lọ. Ọmọ rẹ̀ wá, kò sì padà sí Park Forest mọ́. Ìyá rẹ̀ fún un ní kọ́kọ́rọ́ tuntun. Òun ló ń gbé bàbá rẹ̀ yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àbúrò Bàbá náà wá. Ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́, ó rí i tó dúró ní kọ́rídọ̀, fìlà lọ́wọ́, ó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa kọjá lára òun. Ó bi í bóyá ó fẹ́ wọlé. Ọkùnrin náà ní, "Mi ò mọ̀ bóyá ó máa fẹ́ bẹ́ẹ̀." Ìyàwó mi ní, "Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, sà." Ó ronú sí i, ó wọlé, ìyàwó mi sì ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun ò gbọ́ ohùn kankan. Nígbà tó jáde, ó béèrè ọ̀nà tó lọ sí tèṣọ̀ rélùwéè, ìyàwó mi sì tọ́ka rẹ̀ fún un.

Bàbá kú kí yìnyín tó bọ́ lọ́dún náà. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn yúníọ̀nù gbé apá kan pósí, àbúrò rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ àti èmi wà lápá kejì. Àwọn ará ibí kò bá àwọn ará ọ̀hún sọ̀rọ̀. Òjò ti rẹ àtẹ̀gùn, ó ń yọ̀. Ẹnì kan níwájú sọ pé, "Ẹ rọra o," gbogbo wa sì rọra.